Orúkọ Mosúnmọ́lá Lórí Ògiri Wa

Lárààárọ̀, kí omi tíì tó hó, ògiri ilé ìdáná wa, ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń fi àwòrán hàn, á ti ṣí géèmù tí ọkọ mi máa ń gbá nígbà tó wà ní àpọ́n. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó fi ń gbá a ti dógùn-ún tipẹ́. Ògiri ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Mosúnmọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ìgbà náà, ló gbégbá orókè níbẹ̀.

Lánàá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo gbá a títí orúkọ tèmi, Àríkẹ́, fi wà lókè tirẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́ lónìí, Mosúnmọ́lá tún ti wà lókè.

"Ògiri, ta ló pa orúkọ mi rẹ́?"

"Ọkọ yín ni, mà. Ó ní kí n máa dá a padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí àǹtí yẹn gbá a kẹ́yìn."

Mo da tíì ọkọ mi nù. Kí àǹtí yẹn wá po òmíràn fún un.