Mo-Ti-Mọ̀ àti Àgbá Sódà

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkùnrin yìí: kò lè la ẹnu rẹ̀ sọ pé "mi ò mọ̀." Bí ẹ bá bi í ní ọ̀nà ibi tí kò dé rí, yóò júwe rẹ̀ fún yín, ẹ ó sì sọnù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ọ ní nǹkan, kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí yóò fi ní, "Mo ti mọ̀." Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Mo-Ti-Mọ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn orúkọ náà, òpè ènìyàn.

Ó dá ilé iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, opó tí kò bímọ, ló ta ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ wá sínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, ó ní òun á máa gbé ibẹ̀ títí ọṣẹ yóò fi máa tà. Ó gbà pé àbúrò òun mọ iṣẹ́. Ṣebí àbúrò náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ gan-an ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ, arúgbó kan tí àpá sódà, èròjà ọṣẹ tó ń jó ara bí iná, kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun ló ń po sódà láràárọ̀, òun ló ń dà á sínú òróró, òun ló ń rò ó títí yóò fi ki. Mo-Ti-Mọ̀ a kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ki ọwọ́ bọ àpò, a máa mi orí. Odindi ọdún kan, kò bi ìyá náà ní ìbéèrè kan.

Lọ́jọ́ kan, ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ da sódà sínú àgbá, kí wọ́n wá da omi lé e. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fò dìde lórí àpótí tó jókòó lé.

"Rárá o, ọ̀gá! Omi ló ń ṣáájú. Ẹ má da omi lé sódà lórí láéláé, á hó ru síni lójú ni."

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

"Ta ló ni ilé iṣẹ́ yìí?" ni Mo-Ti-Mọ̀ bi í.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n sódà ò mọ̀ pé ẹ̀yin lọ̀gá."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti lé ìyá náà dànù. Ó wá kọjú sí àwọn mẹ́ta yòókù. "Ẹni tó bá tún ta ko ọ̀rọ̀ mi níbí, ọ̀nà tí arúgbó yẹn gbà lòun náà á gbà." Wọ́n ní, "A ti gbọ́, sà." Wọ́n sì gbọ́ lóòótọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùdókòwò kan wá. Bí ó bá gbà láti fi owó sí i, ilé iṣẹ́ yóò gbòòrò, ẹ̀gbọ́n Mo-Ti-Mọ̀ yóò sì kúrò ní yàrá kótópó. Obìnrin náà ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àlejò náà gbé ọṣẹ sí imú, ó yí i wò.

"Ọ̀gá, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọṣẹ o," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kí n rí i."

Mo-Ti-Mọ̀ wò ó tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. Àgbàlagbà olówó, kò tijú láti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ní gbangba! Mo-Ti-Mọ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó da odindi àpò sódà sínú àgbá. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó bi ẹnì kan léèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rántí igbe ìyá náà dáadáa. Kò bi wọ́n, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, ó sì rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún òun.

Ó gbé garawa omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àgbá náà, ó dà á sí i.

Sódà hó, ó bú sókè, ó bò ó lójú. Ó ṣubú, ó ń ké bí ẹran tí wọ́n ń pa. Garawa omi mẹ́rin wà nítòsí ibi tó ṣubú sí. Òṣìṣẹ́ kan ti gbé ọ̀kan nílẹ̀.

"Ẹ má da omi sí mi lójú!" ni Mo-Ti-Mọ̀ ń pariwo. "Omi ló fà á! Òróró ni kí ẹ mú wá! Mo mọ̀ ọ́n, òróró ló ń pa sódà!"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ni olùdókòwò bi àwọn òṣìṣẹ́. "Èmi ò mọ̀ o. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Wọ́n wolẹ̀. Ẹni tó gbé garawa rọra gbé e padà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sáré lọ gbé ìgò òróró wá. Ó gbé orí àbúrò rẹ̀ lé itan, ó fi ìka ya ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì ń da òróró sí i títí ọkọ̀ fi dé.

"Ojú ọ̀tún ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀," ni dókítà wí nílé ìwòsàn. "Ṣùgbọ́n ká ní ẹ fi omi fọ tòsì lójú ẹsẹ̀ ni, ì bá ṣì máa ríran. Ta ló ní kí ẹ da òróró sí i?"

Mo-Ti-Mọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ibùsùn.

Olùdókòwò ò padà wá. Ilé iṣẹ́ kógbá sílé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì jọ há sínú yàrá kótópó náà. Orí àpótí Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni afọ́jú náà ń jókòó sí. Ẹni tí kì í bèèrè nǹkan ń bèèrè láti òwúrọ̀ dé alẹ́. "Ta ló ń kọjá yẹn? Ṣé ilẹ̀ ti ṣú? Àǹtí mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀?" Nígbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a dá a lóhùn. Nígbà mìíràn, a wo ọwọ́ tó fi da òróró, a wá sọ pé, "Ṣebí o ti mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ohun ìní yín dókòwò, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Kò sí àbùkù nínú kí ọ̀gá sọ pé òun ò mọ̀. Olùdókòwò yẹn sọ ọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì sì mú un délé. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ má sì pa àwọn tó lè sọ òótọ́ fún yín lẹ́nu mọ́, nítorí ọjọ́ tí ẹ máa nílò ohùn wọn jù lọ, ilẹ̀ ni wọ́n á máa wò.