Àyè Kan ní Etí Ìlà

Lyle Hargett kò gbé ọkọ̀ tí orúkọ yunifásítì wà lára rẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló gbé. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ilé àwọn Pruitt, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mi ò tíì dé ibẹ̀."

"Lyle, ọ̀la ni àwọn ọmọ máa buwọ́ lùwé yunifásítì tí wọ́n ń lọ o."

"Mo mọ̀."

Ó pa fóònù. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà fúngbà díẹ̀, ó ń wo oko òwú tí wọ́n ti kórè tán. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣe igbákejì kóòṣì ní yunifásítì náà, tó ń rìn káàkiri ìpínlẹ̀ Mississippi láti ṣa àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà gbá, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbé sáré. Àwọn ará etí ìlà ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, àwọn géńdé tí wọ́n ń dúró ní ìpẹ̀kun ìlà lọ́tùn-ún lósì, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n já wọlé, kí wọ́n gbé ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ti ṣà, kò tíì rí irú Javontae Pruitt rí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà.

Ìyá náà, Earlene, ti ṣílẹ̀kùn kí Hargett tó kàn án. Ibi tí wọ́n ti ń gé ẹja àrọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ wọlé jàre, òtútù yìí ò mojú ẹnikẹ́ni. Ẹja ń bẹ nínú epo. Ẹ má sọ pé ẹ ti jẹun o, mi ò ní gbọ́."

"Mà, ẹ má ṣe wàhálà."

"Wàhálà wo? Fún ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ mi lọ sí yunifásítì? Javontae! Gbé àga fún wọn, má kàn fi ara gìdìgbà yẹn dí ọ̀nà."

Javontae bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Hargett kò jókòó. Ó ṣí fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò dùn," ó ní. "Àyè tí a ṣèlérí fún Javontae, kò sí mọ́."

Javontae gbé àga náà kalẹ̀.

"Kò sí mọ́ báwo?" ni Javontae wí. "Kóòṣì Tolliver, ọ̀gá yín, fúnra wọn di èjìká mi mú lóṣù Kẹwàá. Wọ́n ní èmi gan-an ni àwọn ń wá."

"Oṣù Kẹwàá nìyẹn. Ṣebí o rí bí wọ́n ṣe sọ etí ìlà wa di ọ̀nà ọjà lọ́jọ́ ìdíje wa tó kẹ́yìn. Àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, tó lágbára jù bẹ́ẹ̀, ni ọ̀gá ń fẹ́ báyìí."

"Tó tóbi jù mí lọ?" Ọmọ náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo lè jẹun sí i, sà. Ẹ jẹ́ n pè wọ́n."

"Má pè é!" Ó yára jáde lẹ́nu Hargett. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Inú rẹ̀ ò dùn lásìkò yìí. Tó o bá pè é, wàá ba èyí tó kù jẹ́. Mo ti bá kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Wọ́n á gbà ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé wọn rèé. Buwọ́ lù ú láàárọ̀ ọ̀la, kí ilẹ̀kùn yẹn náà má lọ tì."

Earlene pa iná abẹ́ páànù. Ó nu ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Hargett ń retí èébú. Ì bá tiẹ̀ wù ú kí ìyá náà gbá a létí.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Earlene wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán ọ. Ẹlòmíràn á sọ ọ́ lórí fóònù, á sì sá lọ. Ìwọ wa ọkọ̀ wákàtí mẹ́ta wá wò wá lójú. Má gbé e sọ́kàn." Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó dijú. "Ohun tí o ṣe fún ọmọ mi lónìí, Ọlọ́run á ṣe é fún ọmọ tìrẹ."

Javontae ṣe àmín. Hargett ya ẹnu, kò rí i ṣe.

Ó bu ẹja náà jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá bá a di ìyókù àti búrẹ́dì àgbàdo pé kó máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Javontae sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ojú ọmọ náà ti pọ́n, àmọ́ kò jẹ́ kí omi jábọ́.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá fúnra yín, sà. Ta ni wọ́n wá mú?"

Hargett ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tí kò fi í sí. "Ọmọ kan ni."

"Ó tóbi gan-an?"

"Ó tóbi."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó má jẹ́ kí wọ́n tún tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ mọ́."

Hargett kò tíì rìn jìnnà tó fi dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, tó sì pe ìyàwó rẹ̀ pé òun ti sọ fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Javontae Pruitt buwọ́ lu ìwé Arkansas ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé rẹ̀. Earlene dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́.

Kóòṣì Tolliver bi gbogbo ará ọ́fíìsì títí di ọ̀sán pé kí ni àwọn fi ṣẹ ọmọ yẹn, ọmọ tó tóbi jù tó sì lágbára jù nínú gbogbo àwọn tí òun fẹ́ lọ́dún náà, tó fi kọ àwọn sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí kò sì rí ẹlòmíràn mú mọ́, ó fi àyè kan ṣoṣo tó ṣófo ní etí ìlà fún ẹni tí Hargett mú wá síwájú rẹ̀, Brett, ọmọ bíbí inú Hargett, tí ìwọ̀n rẹ̀ fi ogójì pọ́n-ùn kéré sí ti Javontae.