Kókó Àdúrà Tí Ayọ̀níkẹ́ Mú Wá

Ayọ̀níkẹ́ kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe bíi ti olófòófó tó ń ti ilé dé ilé. Ìyẹn rọrùn láti mọ̀, èèyàn á sì yẹra fún un. Tirẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àdúrà ló fi ń bò ó. Bó bá gbọ́ àṣírí ẹnì kan, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tó bá gbé e dé ibi tí wọ́n á ti sọ pé, "Sísítà, àánú èèyàn mà ń ṣe yín o."

Iṣẹ́ wẹ́fíà ló ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ẹni tí kò rí oorun sùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni dókítà ń darí wọn sí. Á ti ilẹ̀kùn, á bu omi tútù fún wọn, á sì gbọ́ tẹnu wọn. Kí n má purọ́, ó mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin tó ga jù níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá yẹn kò gbọdọ̀ jáde.

Monínúọlá wá láti Ìjàn. Àgbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, òun ń yan gàrí. Ó ti rù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó pẹ́ kó tó la ẹnu.

"Àǹtí, ohun tí mo bá sọ níbí, ṣé bíi ti ìjẹ́wọ́ lọ́dọ̀ Fáda ni?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáda lè dá ohùn ẹ mọ̀. Èmi ò mọ̀ ẹ́ rí."

Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní ìlú òkèèrè, àbúrò ọkọ fi agbára bá a lò. Kò mọ ẹni tó ni ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹbí bá gbọ́, òun ni wọ́n máa lé, wọ́n á sì gba àwọn ọmọ tó kù.

"Kí lorúkọ ọkùnrin náà?"

"Ìyàwó ilé ni mí, Àǹtí, mi ò lè dárúkọ ẹ̀. Agùntáṣọọ́lò ni mo máa ń pè é."

Àṣà wa nìyẹn. Ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ, bí wọ́n tilẹ̀ kéré sí i. Á wo gíga wọn tàbí eyín wọn, á fi sọ wọ́n lórúkọ tuntun. Òun nìkan ni yóò máa pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ Ayọ̀níkẹ́ kò ní àbúrò, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó rò pé obìnrin náà kàn ń sọ pé ọkùnrin ọ̀hún ga ni.

Monínúọlá ń wọ bọ́ọ̀sì wá déédéé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, gàrí mi ò jóná mọ́." Wọ́n jọ gbèrò bó ṣe máa kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ó ku díẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, ẹgbẹ́ àdúrà péjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí ní kí ẹni tó bá ní kókó àdúrà mú un wá. Ayọ̀níkẹ́ dìde.

"Ẹ bá mi gbé arábìnrin kan síwájú Olúwa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìlú ẹ̀. Àbúrò ọkọ ẹ̀ ló bà á jẹ́, kò mọ bàbá ọmọ tó ń pọ̀n. Agùntáṣọọ́lò kan báyìí ni ọkùnrin náà. Kí Ọlọ́run dójú tì í."

Wọ́n ṣe àmín kíkankíkan. Ìyábọ̀ tó jókòó sẹ́yìn nìkan ni kò ṣe é. Òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Monínúọlá, Ayọ̀níkẹ́ kò sì mọ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń pe Akínlolú àbúrò wọn ní Agùntáṣọọ́lò. Ó dúró de Ayọ̀níkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Sísítà, arábìnrin yẹn, ṣé gàrí ló ń yan?"

Rárá kan péré ì bá gba Monínúọlá là. Ẹnu tí kì í dákẹ́, ìgbà yẹn ló wá dákẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó ẹrù Monínúọlá síta. Akínlolú búra níwájú ẹbí pé obìnrin náà ló wá bá òun, wọ́n sì gbà á gbọ́. Wọ́n gba àwọn ọmọ tó kù. Wọ́n ní kó gbé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ, àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó wá sí Adébáyọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò jókòó.

"Àǹtí, ta lẹ sọ fún?"

"Àdúrà ni mo ní kí wọ́n bá mi gbà fún ẹ."

"Ó dáa, mà. Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Kò sẹ́ni tó tún rí òun àti ọmọ náà. Ìyá Monínúọlá wá wọn títí, agbára rẹ̀ tán.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwòsàn, wọ́n lé Ayọ̀níkẹ́, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe àmín fún un, bó bá ti wọlé báyìí, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà sí ti òjò. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Oore-ọ̀fẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí.

"Oore, kí ló ń ṣe ẹ́? Sọ fún mi. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀, mà. Ìdí tí mi ò fi lè sọ fún yín nìyẹn."

Títí di òní, ọmọ náà kò sọ ọ́. Ó ń gbẹ lọ. Ìyá rẹ̀ á bu omi tútù, á gbé e dání, á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, omi náà á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ẹlòmíràn, yálà ẹ kàwé tàbí ẹ ò kà, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Àṣírí tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ kì í ṣe tìrẹ, bó ti wù kí àánú ṣe ọ́ tó. Bí o bá fẹ́ gbàdúrà fún wọn, gbà á nínú yàrá rẹ. Ọlọ́run ti mọ̀ wọ́n kí o tó mọ̀ wọ́n. Má sì sọ pé o ò dárúkọ, nítorí o kò lè mọ ohun tó jẹ́ orúkọ nílé ẹlòmíràn. Ìyà tó jẹ Ayọ̀níkẹ́ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò dá ọmọ kankan padà fún Monínúọlá, kò sì ní dá a padà.