Òtítọ́ Tí Akínsànyà Fi Sí Ìsàlẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹni tó bá kà á dé àárín, tó sì sáré tẹ̀ ẹ́ sí gúrúùpù ìjọ rẹ̀, ẹni náà gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Akínsànyà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, á wà láàárín àwọn akọrin ìjọ. Ọdún mẹ́rin ló ti ń kọ búlọ́ọ̀gì ní èdè Yorùbá, lórí ìwé tó kà, lórí sáyẹ́ǹsì àti lórí ìgbàgbọ́. Ó máa ń sọ pé Ọlọ́run tó ní ká gbàdúrà náà ló fún ẹni tó ń ṣe oògùn lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń kà á? Èèyàn mẹ́tàdínlógún. Ó lè di ogún lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ táwọn èèyàn ò ríbi lọ.

Ẹni tó ń fi í yangàn jù ni Àǹtí Leah, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ìlú Oǹdó. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n. Lórí tábìlì oúnjẹ wọn ni wọ́n ti kọ́ Akínsànyà ní ìwé kíkà, wọ́n á ní kó máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ títí tó fi máa kan àmì ìdánudúró. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti ń ka Bíbélì sí ìjọ létí ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í sì í fi oògùn wọn ṣeré. Fóònù wọn ti gbó, kì í ṣí búlọ́ọ̀gì. Èyí tí wọ́n bá rí lórí Wásáàpù ìjọ ni wọ́n ń kà.

2.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Akínsànyà. Ẹni tó gbé ìjà tọkọtaya sórí ẹ̀rọ ayélujára ń rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹkàwé, òun ń rí mẹ́tàdínlógún! Ó wá jókòó, ó kọ ọ̀kan, ó pe àkọlé rẹ̀ ní "Ìdí Tí Mo Fi Da Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Mi Nù."

Ìpínrọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dà bí ẹ̀rí tí obìnrin kan ń jẹ́. Ó da oògùn nù, ó gbàdúrà, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ìpínrọ̀ karùn-ún, ni Akínsànyà ti wá kọ ọ́ pé: "Ẹni tó jẹ́rìí yìí ti wà nínú sàréè. Ẹ lo oògùn yín, kí ẹ sì máa gbàdúrà."

Lọ́lá, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kà á kó tó gbé e jáde.

"Ọ̀gá Akínsànyà, ẹ gbé ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn wá sókè."

"Bí mo bá gbé e sókè, adùn rẹ̀ tán nìyẹn. Ta ló máa kà á?"

"Àwa mẹ́tàdínlógún ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

3.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ti kà á. Orí rẹ̀ wú. Ọjọ́ kẹta ni Lọ́lá gbé fóònù rẹ̀ wá bá a ní yàrá àwọn olùkọ́. Ẹnì kan ti gé ìpínrọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ kiri, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Láti ọwọ́ Akínsànyà, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì." Àwọn èèyàn ń ṣe àmín lọ bẹẹrẹ.

"Ẹ kọ àtúnṣe," ni Lọ́lá wí. "Ìlà méjì péré."

"Ẹni tí kò bá kàwé tán, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á."

Ó padà sídìí iye àwọn òǹkàwé rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlà méjì péré! Ó ń dùn mí títí di òní.

4.

Ọjọ́ kejìlá, ní ọ̀sán, Goodness tó jẹ́ ọmọ Àǹtí Leah pè é láti Oǹdó.

"Bùrọ̀dá, Màámi ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹnu wọn ti yí."

"Ṣé wọn ò lo oògùn wọn ni?"

"Wọ́n ti dá a dúró láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Mo bá wọn jà títí, wọ́n ní ọmọ àwọn ò lè purọ́ fún àwọn."

Akínsànyà ò dúró gbàyè níwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó wọ mọ́tò Oǹdó, ó ń sunkún kí wọ́n tó dé Òwènà.

5.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, Àǹtí Leah wà lórí bẹ́ẹ̀dì, apá ọ̀tún wọn ò ṣeé gbé. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò kà á tán ni. Mo kọ òtítọ́ sí ìsàlẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn.

"Mo kà á tán. Gbogbo èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo kà. Ẹ̀ẹ̀mejì." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Orúkọ rẹ ni mo rí ní ìsàlẹ̀."

Ọjọ́ náà ni Akínsànyà pa ohun tó kọ rẹ́, ó sì kọ àtúnṣe. Ẹ mọ iye àwọn tó kà á? Mẹ́tàdínlógún. Èyí tí wọ́n gé ṣì ń rìn kiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí èmi náà láti Ìjàrè. Ní Oǹdó, ẹlòmíì ló ń ka Bíbélì sí ìjọ létí báyìí. Àǹtí Leah ń jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń fi ìka ọwọ́ òsì tọ ọ̀rọ̀ lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ má fi irọ́ ṣe ìlẹ̀kùn kí ẹ wá fi òtítọ́ pamọ́ sí ìyẹ̀wù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ má gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn, dókítà rẹ̀ ni kó bi, kó má bi fóònù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.