Ṣáwà Tí Kì Í Jóni

Baálé ilé ló ránṣẹ́ pe pulọ́ńbà. Ó ní ṣáwà ilé òun ti fẹ́ bó ìyàwó òun láwọ̀, òun sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí àgádágodo ẹnu géètì. Ó ní kí pulọ́ńbà fi géètì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kó páìpù rẹ̀ wọlé, tí yóò sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni omi gbígbóná ṣáwà náà ti bà jẹ́, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó pọ́n, apá ibì kan ti ń bó. Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe èjìká rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ẹni tó bá rí i yóò mọ̀.

"Wò ó," ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Mo ní kó má wọ ibẹ̀ mọ́, ó kọ̀. Obìnrin tó fẹ́ràn omi bí ẹja! Wákàtí kan gbáko ló máa ń lò níbẹ̀."

Pulọ́ńbà kì í dárúkọ ṣáwà fún ẹnikẹ́ni kó tó mọ ibi tí omi ilé náà ti ń wá. Ó lọ sẹ́yìnkùlé. Táǹkì wà lórí òpó irin, àkàbà irin sì gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé balùwẹ̀ kọjá lọ sókè. Ó gùn ún, ó fi téèpù wọn gíga rẹ̀. Táǹkì náà kò ga tó. Páìpù kan ṣoṣo ló ń gbé omi tútù wálẹ̀, ilé ìdáná ló sì kọ́kọ́ ń gbà á kó tó dé balùwẹ̀.

Nígbà tó padà wọlé, ìyàwó náà bi í léèrè ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ṣé àkàbà yẹn ò mì lábẹ́ yín?"

"Kò mì, mà. Irin gidi ni. Ó lè gbé èèyàn méjì."

"Ẹ ṣeun."

Pulọ́ńbà rò ó pé ọmọlúàbí ni obìnrin yìí. Ara tirẹ̀ ń ta á, síbẹ̀ ti ẹlòmíràn ló ń rò.

Wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láti inú kúrò. "Èmi ni mo yọ ọ́," ọkọ wí. "Tó bá yọ̀ ṣubú síbẹ̀ ńkọ́?" Irin tí wọ́n fi síkúrù dè wà lójú fèrèsé. Ọṣẹ tó wà níbẹ̀ ṣì lódindi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò tíì parẹ́. Ṣíbí kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ wà lẹ́yìn ọṣẹ náà. Pulọ́ńbà sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé téèpù rẹ̀ síbẹ̀.

"Ṣáwà tó ń fi iná mànàmáná gbóná fúnra rẹ̀ kò lè bá ilé yín mu, ọ̀gá, omi yín kò lágbára tó o. Ti onípọ́ǹpù yóò fa omi dáadáa, àmọ́ yóò máa pariwo, táǹkì yín yóò sì máa tètè gbẹ."

"Kí ló tiẹ̀ ń mú kó máa jó o?"

"Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ni. Bí ẹ bá ti ṣí i nísàlẹ̀, ẹ ti já omi tútù gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ lókè. Gbígbóná nìkan ló máa kù."

Ọkọ káwọ́ lérí. "Èmi náà ni! Tí mo bá ti ìta dé, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń fọ̀." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "O ò sì sọ fún mi."

Pulọ́ńbà fi ìkẹta hàn wọ́n. Ó ní nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń da gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù lọ́gbọọgba, kódà bí wọ́n ṣí ẹ̀rọ mẹ́wàá nísàlẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ kò ní mọ̀.

"Mi ò fẹ́ ẹ," ìyàwó wí. "Ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára."

"Kó máa jó ẹ?" Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ọrùn. "Tìẹ náà ni mò ń ṣe." Kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí obìnrin náà fi mi orí pé òun gbà.

Pulọ́ńbà ń de ṣáwà tuntun náà mọ́ ògiri nígbà tí ọkọ sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé fóònù. Ìyàwó sún mọ́ ọn.

"Tí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ nísàlẹ̀, mi ò ní mọ̀ rárá?"

"Rárá o, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sínú tówẹ́lì. "Géètì ńkọ́?" ó bi í. "Ṣé ẹ ti tì í?"

"Ó ṣì wà ní ṣíṣí. Mi ò tíì kó irinṣẹ́ mi jáde."

Iṣẹ́ parí. Ọkọ ní kí ìyàwó òun wọlé kó dán an wò, kó gbádùn ara rẹ̀ díẹ̀ ná. Òun àti pulọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, wọ́n sì ń gbọ́ ìró omi lókè. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ ṣí ẹ̀rọ gbayawu. Wọn kò gbọ́ ariwo kankan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kó o bi í bóyá ó jó o. Má ṣílẹ̀kùn o!"

Pulọ́ńbà gun òkè. "Mà, ṣé ó ń jó yín?" Ìró omi nìkan ló gbọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rántí wáyà iná tó wọ inú hítà tó ń mú omi gbóná, ó rántí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ó di ojú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn náà díẹ̀, ó tún pè é. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn, ó lajú.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń dà sórí ilẹ̀ lásán, irin fèrèsé fẹ̀yìn ti ògiri, síkúrù mẹ́jọ wà lórí ọṣẹ pẹ̀lú ṣíbí náà. Pulọ́ńbà dúró sí ojú fèrèsé, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún síbi tí irin ti wà, ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, omi ṣáwà sì bà á láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, níbi tó ti máa ń jó obìnrin náà bí ọkọ bá ti ìta dé. Géètì dún lẹ́ẹ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán. "Ṣé ó jó o?" ọkọ kígbe láti ìsàlẹ̀. Pulọ́ńbà rọra fa ilẹ̀kùn dé. "Kò jó wọn rárá, ọ̀gá," ó dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn ṣì máa ṣàn, wọn ò tíì wẹ̀ tán."