Irin Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Ní ìlú tí wọ́n bí mi sí, irin tó bá dógùn-ún, wọ́n ń fọ̀ ọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo délé ọkọ, tí mo fi eérú fọ irin mẹ́fà tó wà lẹ́yìnkùlé títí wọ́n fi ń dán bí omi.

Màámi, ìyá ọkọ mi, jáde síta, wọ́n rí àwọn irin náà. Lókè ọ̀hún, àwọn dígí ńlá tó ń kó ooru oòrùn jọ ní Òkè Oòrùn ń yí ojú sí ìlà-oòrùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀.

“Ìyàwó, ìpáàrà ara irin yẹn la fẹ́ gbé lọ sókè lónìí. Òun àti ooru oòrùn ni wọ́n fi ń sọ èédú di gáàsì tí a fi ń dáná.”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ dárí jì mí, Màámi.”

Wọ́n bu omi iyọ̀ wọ́n àwọn irin náà, wọ́n sì jókòó tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Èmi náà jókòó ti Màámi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àmì pupa kékeré kan yọ létí irin kan. Màámi rọra fi ìka kàn án.

“Ó di oṣù mẹ́ta kí ìpáàrà tó tó gbé lọ sókè,” ni wọ́n wí. “Ìwọ ni wàá sọ fún ọkọ rẹ pé kò ní sí gáàsì, gààrí tútù la ó máa mu títí dìgbà náà.”