Tọ́ọ̀ṣì Ọ̀gá

"Bọ̀dá mi, ṣé iná kú?" ni àbúrò ké láti ìsàlẹ̀ àkàbà.

"Kò kú o! Ó ń tàn yòò," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn láti ẹnu táńkì, bó ti ń fi okùn sọ tọ́ọ̀ṣì kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Wọ́n ti fa oje ìrèké tó kan nínú táńkì náà lọ, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èròjà ohun mímu. Fífọ̀ ló kù. Kí afọtáńkì tó wọlé, àtùpà ló máa kọ́kọ́ fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá pa àtùpà, á pa èèyàn. Àárọ̀ yìí ni ọ̀gá gba àtùpà lọ́wọ́ wọn, ó fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì, ó ní ayé ti kọjá ti àtùpà.

Ẹ̀gbọ́n wọlé. Àbúrò pè é títí, kò dáhùn. Ó gun àkàbà, ó yọjú wò ó: ẹ̀gbọ́n dojú bolẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àárẹ̀ ló mú wọn," ló sọ. "Iná ò ṣáà kú."

Ló bá gbẹ́sẹ̀ wọ inú táńkì.